Ọmọ Ọdún 53 Fẹ́ Kọ́ Píánò: Ìka Kọ́ Ló Ń Dí I Lọ́wọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọmọ ọdún 53 ni mí. Ó pẹ́ tí orin kílásíkà ti ń wù mí, àyè ni kò gbà mí láti kọ́ ọ. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn mo ra kíbọ́ọ̀dù kan tó ní ìtẹ̀ 61, mo sì ń wo fídíò láti fi kọ́ “Für Elise”. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ń dùn díẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo dé àárín, mi ò rí ọ̀nà lọ mọ́. Bí mo bá lo ọwọ́ kan, ó ń lọ. Bí mo bá pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó dàrú. Mi ò lè ka nóòtì. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 10, tí a jọ bẹ̀rẹ̀, ti ń tẹ orin mẹ́rin láìwo ìwé. Ṣé ọjọ́ ti lọ ni? Ṣé kí n wá olùkọ́, àbí kí n kúkú fi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún ọmọ? Ṣé dandan ni ìdánwò?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń jẹ yín lọ́kàn jù, kí ara lè tù yín ka ìyókù: ọjọ́ ò tíì lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 53 kò ní di ẹni tí ẹgbẹ́ olórin ńlá ń ránṣẹ́ sí pé kó wá bá àwọn tẹ píánò lórí ìtàgé, ẹ̀yin náà ò sì bi mí ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ jókòó, kí ẹ ṣí ìwé orin tí ẹ ò rí rí, kí ẹ tẹ ojú ìwé kan nínú orin Bach tàbí ti Schumann kó dùn mọ́ ẹ̀yin fúnra yín, kó sì dá ẹni tó ń kọjá lọ dúró, mo ti fojú ara mi rí i lọ́dọ̀ ẹni tó jù yín lọ. Ó máa ń tó ọdún méjì sí mẹ́ta fún ẹni tó ń fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Mo dárúkọ iye ọdún náà ketekete nítorí pé irọ́ “oṣù mẹ́ta péré” tí wọ́n ń pa kiri ló ń lé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kúrò nídìí píánò. Oṣù mẹ́ta á pé, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á ní àwọn ni olórí kunkun.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọmọ yín ní ohun tí ẹ ò ní, ẹ̀yin náà ní ohun tí kò ní. Lóòótọ́ ìka rẹ̀ rọ̀ ju tiyín lọ, àmọ́ ìka kọ́ ló fi ń ṣíwájú yín. Ohun tó fi ń ṣíwájú ni pé bó bá ṣi nóòtì tẹ̀, kò dùn ún. Á rẹ́rìn-ín, á tún un tẹ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ti fi ogún, ọgbọ̀n ọdún gbọ́ bí orin náà ṣe yẹ kó dún. Etí yín ti dàgbà, ọwọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ oṣù mẹ́jọ. Bí ọwọ́ ò bá wá gbé ohun tí etí ń retí jáde, ojú á tì yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú yàrá, ẹ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kó lè jọ orin tí ẹ mọ̀. Ìsáré yẹn gan-an ni àìsàn. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, òun ni mo ń bá jà.

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa rántí lórí ọ̀rọ̀ yìí: Erik Satie, ará Faransé. Ọdún 1888 ló kọ orin píánò mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Gymnopédies, tí gbogbo ayé ń tẹ̀ títí dòní. Síbẹ̀, ní ọdún 1905, nígbà tó di ẹni ọdún 39, ó padà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin Schola Cantorum ní Paris, ó jókòó láàárín àwọn ọmọ tí kò tó o lọ́jọ́ orí, ó ń kọ́ bí a ṣe ń hun ohùn mọ́ ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1908 ló gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ fi ara yín wé e. Ó ti mọ píánò tẹ̀ kó tó lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni ọkùnrin tó ti ní orúkọ, tó sì gbà kí wọ́n máa fi yíǹkì pupa fa ìlà sábẹ́ iṣẹ́ òun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo “Für Elise” yín. Beethoven kọ ọ́ ní 1810, àmọ́ a ò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1867, nígbà tí ó ti pé ogójì ọdún tí ọkùnrin náà ti kú. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ wo ọwọ́ yín dáadáa nígbà tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́: ọwọ́ ọ̀tún a sọ̀rọ̀, òsì a gbà á, á tẹ nóòtì mẹ́ta gòkè, ọ̀tún a tún gbà á padà. Bí ọmọdé méjì tó ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn ni. Ìgbà tí ọwọ́ méjèèjì jọ ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò tó nǹkan. Ìyẹn ni pé láti oṣù mẹ́jọ yìí, ẹ ò tíì fi ọwọ́ méjì tẹ píánò rárá; ọwọ́ kan lẹ ń tẹ̀ lẹ́yìn èkejì. Kò sì sí ẹni tó sọ fún yín. Lẹ́yìn náà ni orin náà bọ́ sí kíì F (F di nóòtì tí orin náà dúró lé), àwọn nóòtì kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ́wọ́ ọ̀tún, òsì náà kò dákẹ́. Bí ẹ bá la ibẹ̀ kọjá, níwájú ọwọ́ òsì á tún máa lu nóòtì A kan ṣoṣo láìsinmi, tí ọ̀tún á máa gbé kọ́ọ̀dù wúwo, ìyẹn nóòtì mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lé e. Ẹni tó ti kọ́ píánò fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin ni apá yẹn wà fún. Nítorí náà ẹ ò kùnà. Òkè lẹ lọ kọ lù, tí ẹ rò pé ògiri ni. Ẹ pa á tì, ó ń bọ̀ wá bá yín.

Ní ti kíbọ́ọ̀dù, ìtẹ̀ 61 tó fún ọdún àkọ́kọ́. Orin ìbẹ̀rẹ̀ kì í lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtẹ̀ 88 ni odidi píánò ní, 52 funfun, 36 dúdú, ẹ ó sì nílò rẹ̀ tó bá yá. Ohun tó ń kọ mí lóminú ju iye ìtẹ̀ lọ ni ìwúwo wọn. Bartolomeo Cristofori, ará Ítálì, ló ṣe píánò àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1700. Kó tó ṣe é, dùùrù kan wà tí ìtẹ̀ rẹ̀ ń fi èékánná kékeré ta okùn: bí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, bí ẹ fi ìkúùkù lù ú, bákan náà ni yóò ṣe dún. Cristofori mú èékánná kúrò, ó fi òòlù kékeré tí wọ́n fi awọ bò sí i, òòlù a lu okùn, a sì fà sẹ́yìn kíá kí okùn lè máa dún. Láti ọjọ́ náà ni ìka ti ń pàṣẹ bí ohùn yóò ṣe tóbi tó. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló sọ ọ́: “piano” ni jẹ́ẹ́jẹ́ lédè Ítálì, “forte” ni kíkan, wọ́n sì kọ́kọ́ ń pe méjèèjì pọ̀. Bí ìtẹ̀ kíbọ́ọ̀dù yín bá fúyẹ́ bíi ti nǹkan ìṣeré, tí jẹ́ẹ́jẹ́ àti kíkan ò sì yàtọ̀ lórí rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ píánò ni ẹ ò lè kọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ra onítẹ̀ 88 tí ìtẹ̀ rẹ̀ ní ìwúwo. Ti ẹlẹ́rọ náà dára, ó ní ibi tí a ń ki gbohùngbohùn etí bọ̀, àwọn ará ilé á lè sùn. Ẹ ra àga tí a lè gbé sókè sódò pẹ̀lú rẹ̀: bí ẹ bá jókòó, kí apá yín láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ tẹ́jú bọrọgidi pẹ̀lú ojú ìtẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn fún ọdún kan gbáko, tó jẹ́ pé àga oúnjẹ tó ń jókòó lé ló kúrú.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sídìí pípa ọwọ́ méjì pọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Orin kan wà tí ó kúrú, Minuet ní kíì G, láti inú ìwé orin tí Bach àti ìyàwó rẹ̀, Anna Magdalena, bẹ̀rẹ̀ ní 1725. Ọjọ́ pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi gbà pé Bach ló kọ ọ́, kó tó hàn pé Christian Petzold ni. Bar 32 ni gbogbo rẹ̀, lílù mẹ́ta sì ni bar kọ̀ọ̀kan. (Bar ni àpótí kéékèèké tí ìlà òòró pín orin sí.) Ẹ ti gbọ́ ọ rí, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ẹ fi òun rọ́pò “Für Elise”.

Ọwọ́ ọ̀tún nìkan kọ́kọ́. Ìka ọmọńdinrín wà lórí D, àtàǹpàkò lórí G, ìka mẹ́ta tó kù bo A, B àti C. Bar kìíní: ọmọńdinrín tẹ D fún odindi lílù kan, lẹ́yìn náà G àti A pín lílù kejì, B àti C pín lílù kẹta. Bar kejì: D, G, G, lílù kọ̀ọ̀kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Ó tán. Ìka márùn-ún, nóòtì márùn-ún, ọwọ́ ò kúrò lójú kan. Ọwọ́ òsì: ní bar kìíní ó tẹ G, B àti D pọ̀, ó dì wọ́n mú fún lílù méjì, ó wá bọ́ sórí A ní lílù kẹta, ní bar kejì ó tẹ B kan ṣoṣo, ó sì dì í mú títí bar fi parí. Bí ẹ bá ń tẹ ọwọ́ kan ṣoṣo báyìí, kí ẹnu yín máa kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Kí ẹ kà á sókè ni mo wí, kì í ṣe nínú ikùn. Ẹni tí kò bá lè kà á sókè kò tíì mọ ibi tó wà nínú orin.

Bí ẹ bá wá pa ọwọ́ pọ̀, mo lè sọ ibi tí yóò ti dàrú láìsí nílé yín: lílù kẹta bar kìíní. Níbẹ̀ ni ọwọ́ òsì ti fẹ́ kúrò lórí nóòtì mẹ́ta bọ́ sórí A, ní ìṣẹ́jú akàn tí ọ̀tún ń tẹ B, tí C sì ń tì í lẹ́yìn. Ọpọlọ á fẹ́ ran òsì lọ́wọ́, ọ̀tún á dúró. Á fẹ́ ran ọ̀tún lọ́wọ́, òsì á gbàgbé. Ohun tí àgbàlagbà máa ń ṣe níbẹ̀ ni kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kó sáré bọ̀, bóyá á fò ó. Ẹ má sáré. Ẹ yọ lílù kan yẹn sọ́tọ̀ bí ẹni yọ ẹ̀gún: A ní òsì àti B ní ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn rẹ̀ C nìkan. Ẹ dúró. Ẹ tún un ṣe. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí kò ṣì, ẹ fi lílù kejì ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi D àkọ́kọ́ ṣáájú. Ní ìparí, ẹ jẹ́ kó wọ inú nóòtì àkọ́kọ́ ti bar kejì, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Ẹ má ṣe dúró lórí ìlà tó pín bar méjì níyà láéláé, torí ibi tí bar méjì ti pàdé ni orin máa ń já sí.

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nìyẹn, lórí bar kan. Ẹ ó rí i pé ọwọ́ méjèèjì á ṣàdédé jọ lọ, á sì dà bí ẹni pé kò ṣòro rí.

Báwo ló ṣe yẹ kó falẹ̀ tó? Kó falẹ̀ débi pé ẹ ò ní lè ṣì í. Bí ẹ bá ní metronome, ẹ̀rọ tó ń ka lílù, tí Johann Maelzel gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1815, ẹ gbé e sí 50, ìyẹn ìró 50 ní ìṣẹ́jú kan, kí ìró kọ̀ọ̀kan jẹ́ lílù kan. Bí 50 bá le, ẹ gbé e sí 40. Ó máa ṣe yín bí ẹni ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ọwọ́ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe àti ohun tó ṣe ní ti gidi. Èyí tó bá ṣe jù ló máa mọ̀. Bí ẹ bá ti sáré tẹ ìbàjẹ́ ní ìgbà ogún, tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ bó ti yẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹ sì pa ìdérí dé tayọ̀tayọ̀, ìbàjẹ́ ni ọwọ́ yín kọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà, oníṣirò owó tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 61 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Bar mẹ́jọ àkọ́kọ́ orin rẹ̀ máa ń dùn bí oyin, lẹ́yìn náà á máa ta gẹ́gẹ́, títí á fi dé òpin tí kò ní sí ohun tó yé ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní kó máa fa ìlà kékeré sínú ìwé nígbàkigbà tó bá tẹ ìlà orin kọ̀ọ̀kan nílé. Oníṣirò ni, ó fà á pé. Nígbà tó mú ìwé wá, ìlà àkọ́kọ́ ti lé ní ọgọ́rùn-ún, ìlà ìkẹyìn ò pé mẹ́wàá. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rí ibi tí owó ti jò. Láti ọ̀sẹ̀ náà, bar mẹ́rin ìkẹyìn ló ń kọ́kọ́ kọ́ nínú orin tuntun, lẹ́yìn rẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú wọn, tí á fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́rí wá síbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá wá ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ńṣe ló ń rìn lọ sí ibi tó mọ̀ jù. Ẹ dán an wò.

Ìṣẹ́jú 25 lójúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà rere ni mo ń sọ: ohun tí ọwọ́ bá kọ́, ìgbà tí a bá sùn ni ọpọlọ máa ń bá a tò ó sílẹ̀, ẹni tó sì fọwọ́ kàn án ní ọjọ́ mẹ́fà ti sùn lé e lẹ́ẹ̀mẹfà. Bí àyè bá há, ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ibi kan tó ṣòro ti tó. Chopin pàápàá, tó jẹ́ pé píánò ni gbogbo ayé rẹ̀, kì í fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun lò ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́.

Bí ara bá wá ń dùn yín ńkọ́? Kí ó rẹ iṣan díẹ̀, kò sí nínú ẹ̀sùn. Àmọ́ bí ọwọ́ bá ń ta yín, tàbí tó ń kú tipiri, ẹ dìde lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá lọ, dókítà ló kù. Robert Schumann wà ní ọ̀dọ́ nígbà tí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ iṣẹ́, bó ṣe fi iṣẹ́ atẹpíánò sílẹ̀ nìyẹn tó gbájú mọ́ orin kíkọ. Àwa jèrè níbẹ̀, òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nóòtì kíkà: ẹ ní ẹ ò lè kà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ọwọ́ bá já gaara. Mo mọ̀ pé fídíò tí àwọ̀ ń rọ̀ bí òjò sórí ìtẹ̀ rọrùn, àmọ́ ẹni tó fi ìyẹn kọ́ orin dà bí ẹni tó há ìwé kan sórí láìmọ a, b, d. Bó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ kan, ó parí. Èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń dẹ́rù ba ènìyàn ni pé wọ́n á to gbogbo nóòtì sílẹ̀ pé kí a há wọn. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi mẹ́ta péré ni mo máa ń fi hàn. Ẹ wo àmì tó dà bí ìgbín tó ká jọ ní iwájú ìlà márùn-ún òkè: ibi tó ti lọ́ mọ́ra ni ìlà kejì láti ìsàlẹ̀, G sì ni ìlà náà. Ẹ wo àmì ti ìlà márùn-ún ìsàlẹ̀ tó ní ẹ̀kán méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́: ìlà tó gba àárín ẹ̀kán méjèèjì kọjá ni F. Èyí tó dúró lórí ìlà kúkúrú kan láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ ni C àárín. Ibi mẹ́ta yẹn ni ilé yín. Nóòtì yòówù tí ẹ bá rí, ẹ ka ìgbésẹ̀ láti ilé tó sún mọ́ ọn: ó gòkè kan, ó sọ̀ méjì. Kò ní pẹ́ tí ẹ ò fi ní kà mọ́, ojú á kàn mọ̀ ọ́n. Ẹ má kọ lẹ́tà sórí ìtẹ̀ o. Mo bẹ̀ yín. Ojú á máa wo lẹ́tà, kò ní wo ìwé mọ́ láé.

Bí ẹ bá ti mọ sol-fa tẹ́lẹ̀, ọlá ni, àmọ́ ó ní bó ṣe rí. Nínú sol-fa tí John Curwen, ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé kalẹ̀, “doh” máa ń ṣí kiri: bí orin bá wà ní G, G ni doh. Lórí ìwé píánò, C kì í kúrò níbi tó wà. Ẹ lo méjèèjì: ìwé fún ọwọ́, sol-fa fún etí, kí ẹ máa kọ ohùn òkè lẹ́nu kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí rọrùn fún àwa tí wọ́n fi dò, re, mí kọ́ ní àmì ohùn èdè wa. Etí wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ohùn tó gòkè díẹ̀ lè sọ ọkọ̀ di ọkọ tàbí ọkọ́. Ẹni tó ń gbọ́ ìyẹn láìronú kò yẹ kó máa sọ fún mi pé òun ò ní etí orin.

Olùkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá a, ó kéré tán fún ọdún kìíní. Ohun tí fídíò ò lè ṣe ni kó rí èjìká yín tó ti gòkè dé etí láìmọ̀ yín. Ẹ wá ẹni tó ti kọ́ àgbàlagbà rí. Ẹ bi í pé kí ni yóò fún yín tẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bó bá ní scale (nóòtì tó ń gòkè, tó ń sọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé) àti ìdárayá ìka nìkan, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Bó bá ní ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́, ẹ máa lọ bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dára. Bí apá ò bá ká a, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣì bójú mu, ṣùgbọ́n kí ẹ fi fóònù gba ohùn ara yín sílẹ̀ láàárín, kí ẹ sì tẹ́tí sí i lọ́jọ́ kejì. Ẹ ò ní fẹ́ràn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Orin tí ẹ ó máa tẹ̀: Béla Bartók, ará Húńgárì, kọ orin kéékèèké 153 sínú ìwé mẹ́fà tó pè ní Mikrokosmos, ìwé kìíní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjì tó ń tẹ ohun kan náà, òsì kàn wà nísàlẹ̀ ni. Ohun tí ọwọ́ yín nílò gan-an nìyẹn. Ohùn rẹ̀ lè kọ́kọ́ ṣàjèjì sí yín, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn Petzold, àwọn orin 25 ti Burgmüller, Op. 100 (Op. ni nọ́ńbà tí a fi ń to iṣẹ́ olórin), ń bẹ níbẹ̀, àti Album for the Young tí Schumann kọ ní 1848. Fún èyí tí yóò dùn létí kíákíá, Prelude ní kíì C ti Bach, èyí tó ṣí ìwé rẹ̀ ti 1722: bar 35, kọ́ọ̀dù tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ fò. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ọdún kejì tó tán. Ẹ má ṣe jẹ́ kí kúkúrú tàn yín jẹ, ẹ̀gbọ́n. Prelude keje ti Chopin nínú Op. 28 kò ju bar 16 lọ, ó sì ń rọra lọ, àmọ́ kọ́ọ̀dù kan wà ní bar 12 tí ọwọ́ kékeré ò lè ká, tí à á máa wá ọgbọ́n dá sí.

Ìdánwò kò pọn dandan. ABRSM, àjọ tó ń ṣe ìdánwò orin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1889, ní ìpele kìíní dé ìkẹjọ, Trinity náà ní tirẹ̀, kò sì sí èyí tó sọ pé àgbàlagbà ò gbọdọ̀ wá. Ó wúlò fún ẹni tó bá nílò ọjọ́ kan lórí kàlẹ́ńdà kó tó lè ṣiṣẹ́. Tèmi ni pé kí ẹ má ṣe é ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Mo ti rí àwọn tó fi odidi ọdún kan tẹ orin mẹ́ta péré torí ìdánwò, wọ́n yege, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ mi láìlè ka orin kẹrin.

Ọmọ yín ló kù. Ẹ má bá a díje, ẹ bá a tẹ̀ ẹ́. Anton Diabelli kọ orin 28 fún ọwọ́ mẹ́rin lórí píánò kan, Op. 149. Ẹni tó jókòó sí apá ọ̀tún, nóòtì márùn-ún péré ni ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lórí rẹ̀ nínú orin kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà ní òsì ló ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo. Ìlànà ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣì í ò gbọdọ̀ dúró, torí ẹnì kejì ń lọ. Kò sí ohun tó ń wo àìsàn ìtìjú àti ìpadà-sí-ìbẹ̀rẹ̀ sàn tó o. Ẹ ra ìwé náà, ẹ fa àga méjì. Ẹ̀yin lẹ máa jókòó sí apá ọ̀tún.